Ẹ Da Àga Dojú Dé Kí Ẹ Tó San Owó Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí ti aṣọ ni mo sábà máa ń bá yín sọ lójú ìwé yìí. Lóṣù yìí, ohun tí a ń jókòó lé, ohun tí a ń sùn lé, àti ohun tí a ń kó aṣọ sí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. N kò lè bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi, nítorí pé àṣìṣe náà ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Nígbà tí ìyá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún, mo pinnu pé n óò tún pálọ̀ wọn ṣe ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún. Àga igi mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láti ọdún ìgbéyàwó wọn. Káfíńtà kan nínú ìlú ló ṣe é. Igi ìrókò ni, ó ti dúdú, ó wúwo, àpá eré ọmọ mẹ́fà sì wà lára rẹ̀, èmi àbígbẹ̀yìn pẹ̀lú. Ojú ń tì mí bí àlejò bá bá mi délé. Mo lọ sí ilé ìtajà kan ní ìlú ńlá, mo ra àga ìgbàlódé mẹ́rin tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí tìmùtìmù rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Mo ní kí àwọn ọmọ kó àga àtijọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni adìyẹ ti ń sùn lórí rẹ̀.

Ọyẹ́ kejì ló tú àṣírí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi jókòó lórí ọ̀kan nínú àga tuntun náà láti wọ bàtà. Ẹsẹ̀ àga kan yọ bí eyín ọmọdé ti ń yọ. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ara wọn ró, ọrùn ọwọ́ náà sì kán. A tọ́jú rẹ̀, ó jinná, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé iyán wọn kì í ní kókó, kò lè gbé ọmọ odó mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọn kò bá mi wí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ bá mi gbé àga mi wọlé."

Bàbá káfíńtà tó ṣe àga àtijọ́ yẹn ṣì wà láyé. Wọ́n wá kí ìyá mi kú ewu, wọ́n sì rí àga tó ṣẹ́ náà nílẹ̀. Wọ́n dà á dojú dé. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú àga tiwọn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n da ìyẹn náà dojú dé, wọ́n wá pè mí. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, wá ka eléyìí fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á. Nínú àga tuntun, orí ẹsẹ̀ kàn fara kan igi ìjókòó lásán ni. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ àti ìṣó méjì ló so wọ́n pọ̀. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ, ó ti sán, ìṣó ti jẹ ihò ara rẹ̀ fẹ̀, àlàfo tí èékánná lè wọ̀ sì ti là láàárín igi méjèèjì. Nínú àga àtijọ́, n kò rí ìṣó kan. Bàbá ti fá orí igi kan tín-ín-rín títí ó fi dàbí ahọ́n. Wọ́n ti gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin tó bá ahọ́n náà mu régí sára igi kejì. Wọ́n ti ahọ́n bọ inú ihò, wọ́n sì fi èèkàn igi kékeré gba inú méjèèjì já kí ó má baà yọ. Iṣẹ́ náà ti ju ogójì ọdún lọ. Mo fi gbogbo agbára mi mì í, kò mira.

Ẹ jẹ́ kí a pe ibi tí igi méjì ti pàdé yìí ní oríkèé, nítorí pé iṣẹ́ tí orúnkún àti ìgúnpá ń ṣe lára wa ni ó ń ṣe lára àga. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: ọjọ́ ayé àga, inú oríkèé rẹ̀ ló wà, kì í ṣe ojú rẹ̀ tó ń dán.

Kí ló dé tí oríkèé fi ń yẹ̀? Omi ni. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Ìwọ̀n omi náà lè tó ìdajì ìwọ̀n igi náà nígbà tó bá gbẹ tán, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi yìí ti ń jáde ni igi ń súnkì. Kò tán síbẹ̀ o. Igi tó ti gbẹ pàápàá a máa fa ọ̀rinrin mu nígbà òjò, a sì wú díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ọ̀rinrin náà a jáde, igi a tún súnkì. Ìdí nìyẹn tí dúróọ̀ tábìlì fi máa ń há nínú oṣù keje, tí ó sì ń ṣí wọ́ọ́rọ́ nínú oṣù kìíní. Ẹ tún kíyè sí i pé igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà ní gígùn. Ní fífẹ̀ ni ó ti ń dín tí ó sì ń lé. Nítorí náà, níbi tí igi tó nàró bá ti pàdé igi tó dùbúlẹ̀, bí ọ̀kan ti ń rìn ni èkejì dúró. Ìṣó kò mọ èyí. Irin ni, kì í bá igi wú, kì í bá igi súnkì. Ọdọọdún ni igi ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ihò rẹ̀ yóò fi fẹ̀, tí kò sì ní dí ohunkóhun mú mọ́. Ahọ́n àti ihò ní tiwọn, igi ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ń gbé pọ̀ bí tọkọtaya tó ti mọ ìwà ara wọn. Bí ẹnì kan bá wá fi igi tútù kan àga kí owó lè tètè wọlé, àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ọgbọ́n ahọ́n àti ihò hàn wá. Ẹ wo àáké tí ìyá àgbà fi ń la igi ìdáná. Alágbẹ̀dẹ rọ ìrù irin náà ní ṣóńṣó, a sì tì í bọ inú ihò tó wà ní orí igi tí a fi ń mú un dání. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Bí a ti ń la igi ni irin ń wọnú igi sí i. Iṣẹ́ gan-an ló ń mú un le. Ẹ wo ilẹ̀kùn ayé àtijọ́ pẹ̀lú. Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í lo irin láti so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà. A máa fi ahọ́n kan sílẹ̀ lókè, a sì fi òmíràn sílẹ̀ nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ti òkè a wọ ihò inú àtérígbà, ti ìsàlẹ̀ a wọ ihò inú igi ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn a sì máa yí nínú ihò méjèèjì.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ igi, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àṣehàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, ọkàn wọn fà sí i, wọ́n sì gbà á. Àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Títí di òní, ọ̀dọ̀ wọn ni ilẹ̀kùn náà wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á nílé ẹ̀kọ́, mo mi orí. Nígbà tí mo rántí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi, n kò lè mi orí mọ́, nítorí pé irú pàṣípààrọ̀ kan náà ni èmi pẹ̀lú ṣe nínú pálọ̀ wọn.

Kò tilẹ̀ yẹ kí a dé Èkìtì kí a tó rí ẹ̀rí. Ọmọ ìyá ni Òkè-Ìlá àti Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú méjì láti orírun kan, tí Ọ̀ràngún sì ń jọba nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìlá ni ilé àwọn Fákẹ́yẹ, ìdílé tí iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ti jẹ́ àjogúnbá láti ìran dé ìran. Olóògbé Lamidi Fákẹ́yẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá tó bí i. Lẹ́yìn èyí, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Òsì, ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ńláńlá, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ère Odùduwà tó gbẹ́ ní 1987 sì wà nínú ọgbà yunifásítì náà. Ọlọ́jọ́ dé ní oṣù Kejìlá, 2009. Ọgbọ́n irú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ́ẹ̀ ni pé kí odindi nǹkan jáde láti inú ìtì igi kan ṣoṣo: odó, ọpọ́n, àpótí ìjókòó, ère. Ohun tí kò bá ní oríkèé, oríkèé rẹ̀ kò lè yẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi ńlá ń ṣọ̀wọ́n nínú igbó wa báyìí, kò sì sí bí tábìlì ìjẹun tàbí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yóò ṣe jáde láti inú ìtì kan. Ó di dandan kí a so igi mọ́ igi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàpáànù, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ronú lórí ọ̀rọ̀ oríkèé yìí kan náà.

Àwọn káfíńtà ibẹ̀ ní orúkọ fún oríkèé lóríṣìíríṣìí. Èyí tí a fi so igi méjì ní orí sí orí kí ó lè gùn ni wọ́n ń pè ní tsugite. Èyí tí igi ti pàdé igi ní igun ni wọ́n ń pè ní shiguchi. Òmíràn nínú rẹ̀ a há mọ́ra bí ìka ọwọ́ méjì tí a kì bọ ara wọn, tí ojú kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Fífà sọ́dọ̀ ara ẹni ni wọ́n ń fa ayùn wọn àti irin ìfági wọn, kì í ṣe títì síwájú bíi tiwa. Nítorí náà irin ayùn náà lè fẹ́lẹ́, kí ojú ibi tó gé sì tẹ́jú. Kì í ṣe pé wọn kò lo ìṣó rí, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìṣó ṣe ohun tí oríkèé lè ṣe. Ilé ìsìn Búdà kan wà nítòsí ìlú Nara, Horyu-ji ni orúkọ rẹ̀. Ó wà lára àwọn ilé igi tó pẹ́ jù lọ tó ṣì dúró láyé. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ọ̀ọ́dúnrún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí í máa mì tìtì ni ilẹ̀ Jàpáànù.

Èyí tó wù mí jù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìmọ̀ ètò ilé ni àpótí aṣọ wọn. Igi fífúyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kiri ni wọ́n fi ń ṣe é, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó ojúlówó aṣọ ìbílẹ̀ wọn sí. Oríkèé rẹ̀ pé débi pé, bí òjò bá dé tí igi náà wú díẹ̀, ẹnu dúróọ̀ a pa dé, ọ̀rinrin kò sì ní rí àyè wọlé bá aṣọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ òkè àti sányán pamọ́ sínú àpò ọ̀rá! Ohun tó ń yọ igi lẹ́nu ni wọ́n sọ di olùṣọ́ aṣọ.

Ẹ̀yin ìyá, mo mọ̀ pé ìbéèrè yín ni pé, báwo ni ẹni tí kì í ṣe káfíńtà yóò ṣe mọ àga tó dára? Ohun tí Bàbá kọ́ mi rèé.

Èkíní, ẹ da àga dojú dé kí ẹ tó bá wọn ná an. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó mọ́ kò ní kọ̀ fún yín. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó. Ṣé igi wọ inú igi, àbí ó kàn fara tì í? Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ ìjókòó bóyá wọ́n fi igi onígun mẹ́ta gbè é lẹ́yìn.

Èkejì, ẹ di àga mú ní igun méjì tó kọjú síra, kí ẹ lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Àga tó bá ń dún nígbà tó wà ní tuntun yóò ké nígbà tó bá gbó.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí wọn kò kùn. Ojú a máa puró, abẹ́ kì í puró. Bí ẹ bá rí pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ igi bò lójú, ẹ mọ̀ pé bí omi bá kàn án, yóò wú bí búrẹ́dì tí a tẹ̀ bọ tíì. Irú rẹ̀ lè ṣe pẹpẹ ìwé, kò yẹ fún ẹsẹ̀ àga.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè orúkọ igi àti ìgbà tí wọ́n ti là á. Ìrókò, àpá, ọ̀gánwó àti tíìkì lágbára fún ẹsẹ̀ àga àti ti tábìlì. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló bá mu, ẹ má sì jẹ́ kí ikán sún mọ́ ọn. Pákó tó bá tutù lọ́wọ́, tó sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, kò tíì gbẹ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fa dúróọ̀ jáde pátápátá. Bí igun rẹ̀ bá há mọ́ra bí ìka, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ ìṣó kéékèèké nìkan ló dì í mú, ẹ fi owó yín sínú àpò.

Bí oríkèé àga yín bá ti ń mì nílé, ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó tuntun a máa la igi ni. Ẹ rọra yọ oríkèé náà, ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí igi yóò fi hàn, ẹ fi gọ́ọ̀mù igi tuntun sí i, ẹ tì í padà. Ẹ fi okùn yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, ẹ ki igi kékeré bọ okùn náà, kí ẹ máa lọ́ ọ títí yóò fi fún. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Bí ẹ bá sì ń nu ilẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga dúró nínú omi.

Ẹ óò sọ pé iṣẹ́ irú Bàbá wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye owó àga pín sí iye ọdún tí yóò lò. Àga tèmi lo ọyẹ́ méjì. Ti ìyá mi ti ju ogójì lọ, ó sì ń lò lọ. Nínú ìṣirò yìí, n kò tíì ka ọrùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.

Ohun tó ń dun Bàbá ju owó lọ ni pé wọn kò ní ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn ti lọ gun ọ̀kadà. Mo sọ fún wọn nípa ojúbọ ńlá kan ní Jàpáànù, Ise Jingu, tí àwọn ará ibẹ̀ ń tún kọ́ ní tuntun ní ogún ọdún ogún ọdún láti 690, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun dá a dúró fún ìgbà kan rí. Wọ́n kọ́ ọ kẹ́yìn ní 2013, wọn yóò sì tún un kọ́ ní 2033. Nínú ogún ọdún, ẹni tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ nígbà ìṣáájú ti di ọ̀gá, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé yẹn kọ́ ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà. Ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́."

Mo ti san àsansílẹ̀ fún àga mẹ́fà fún ilé èmi náà. Pákó ìrókò rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé Bàbá, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kí n má ṣe padà wá bi wọ́n léèrè títí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yóò fi kọjá. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máa wá sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọ́n wò ó tìyanutìyanu, wọ́n sì gbé ayùn lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé ni iṣẹ́ yìí.

Ní ti ìyá mi, wọ́n wà lórí àga àtijọ́ wọn. Ẹlòmíràn ló ń gúnyán nílé wa báyìí. Àwọn a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ odó, wọ́n a sì máa nawọ́ sí ibi tí kókó wà.

Ẹ lọ yẹ abẹ́ àga yín wò kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Títí a ó fi tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀, ilé yín yóò tura o.